Iná Pupa Lára Máàpù

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: inú mi máa ń yára bí, ẹnu mi kì í sì í dúró dè mí. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ilé ìwẹ̀ lọ. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àti iná kan tó dorí kodò, àti awò kékeré tí mo máa ń há sójú ọ̀tún mi, àti dúrọ́ọ̀ wẹ́wẹ́ tí bátìrì aago kún inú wọn. Iṣẹ́ náà mọ́ mi lára débi pé mo gbà pé kò sí ẹni tó lè kọ́ mi ní nǹkan kan nípa bátìrì. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, torí ìyá wa kì í gbélé nígbà náà. Olùkọ́ ni àbúrò mi yìí. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òkè àti odò àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ káàkiri ayé, àwọn ọmọ ilé ìwé sì sọ ọ́ ní Máàpù. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ náà fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Lọ́dún tó kọjá, ó gun àkàbà kó lè gbé máàpù ńlá kan kọ́ sára ògiri kíláàsì, ni àkàbà bá yọ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ náà ṣẹ́. Ìka jinná, ṣùgbọ́n wọn ò ká dáadáa mọ́. Ìbàdí ò gbà kó dìde dúró. Orí àga onítáyà ló wà látìgbà náà.

Oṣù mẹ́jọ ló fi wà nílé. Nígbà tó tó àkókò kó padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ilé ìwé wá bá wa nílé. Obìnrin kan ni, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wá síbẹ̀. Ó jókòó, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún wa pé àyè wà fún Máàpù nínú yàrá ìkówèésí, kó máa kọ orúkọ ẹni tó bá yá ìwé sílẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ ò ní dín. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ yẹn, ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó àbúrò mi tó jókòó sí àárín wa.

Máàpù ní kíláàsì lòun fẹ́. Ọ̀gá bi í pé, máàpù gíga lára ògiri, pátákó gíga lára ògiri, olùkọ́ wà lórí àga, báwo ni àwọn ọmọ ṣe máa mọ ibi tó ń tọ́ka sí? Ṣé ọmọ kan ló máa dìde máa bá a tọ́ka ni? Àbúrò mi ní kí wọ́n fún òun láyè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹyọ kan péré. Ọ̀gá gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà náà, lọ́jọ́ Thursday, àkókò ẹ̀kọ́ méjì pọ̀, ọgọ́rin ìṣẹ́jú. Òun á jókòó sẹ́yìn. Bí Máàpù bá lè mú kíláàsì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹnikẹ́ni ò ràn án lọ́wọ́, kíláàsì di tirẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, kó lọ sí yàrá ìkówèésí.

Èmi ni mo mú ìmọ̀ràn lésà wá. Ẹni tó ń ta nǹkan iná níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní A-Kì-Í-Gbà-Á-Padà nítorí ohun tó kọ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ń ta lésà, ohun kan bíi gègé ìkọ̀wé. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ẹyọ iná pupa kan á jáde, á lọ balẹ̀ sára ògiri lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè jókòó sí igun kan kó tọ́ka sí ohun tó wà ní igun kejì. Oríṣi mẹ́ta ló ní. Gbogbo wọn ò lágbára jù, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi pé a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kan ojú ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń lo bátìrì aago mẹ́ta ni mo mú, n ò tilẹ̀ wo àwọn yòókù lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí mi ni pé bátìrì kan báyìí máa ń gbé aago fún ọdún méjì gbáko. Kí wá ni ọgọ́rin ìṣẹ́jú? Inú dúrọ́ọ̀ èmi fúnra mi ni mo ti mú mẹ́ta tó dára jù, mo kì wọ́n bọ inú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ rí ojú rẹ̀ nígbà tí mo gbé e fún un. Máàpù kékeré kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn. Ó tẹ iná náà, ó gbé e sórí òkun, ó rọra wọ́ ọ bọ̀ létí òkun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn olùkọ́ ló jáde, ohùn tá ò gbọ́ láti oṣù mẹ́jọ. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní àlùbọ́sà ni. Omi lásán ló gbé kaná.

Lọ́jọ́ kejì, Máàpù pè mí lórí fóònù pé iná náà ti ń kú. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi ń dán ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wò tí iná pupa náà fi rẹ̀ dànù, kò ṣeé rí mọ́ lójú ọ̀sán. Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ mú un wá ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo yọ bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi mítà wọn agbára iná inú wọn. Wọ́n pé. Mo tún wọn wọ̀n, wọ́n tún pé. Mo pe Máàpù, mo ní mítà mi kì í purọ́, pé ó ní láti jẹ́ pé ó ń fi nǹkan náà ṣeré, tàbí kó jẹ́ pé ó gbàgbé ọwọ́ sórí bọ́tìnnì. Ó ní rárá. Mo sáà fi tuntun sí i. Tuntun náà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó kú lọ́sàn-án, ó sì pé lórí mítà láàárọ̀.

Ìgbà kẹta tó ṣẹlẹ̀, mo lọ bá a nílé. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí mo sọ pé ẹni tí kò lè tọ́jú gègé kan, báwo ló ṣe fẹ́ tọ́jú ogójì ọmọ.

Ẹnu mi ló ti jáde, ẹlòmíì kọ́. Máàpù yí àga rẹ̀ padà kó lè kúrò lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n pálọ̀ yẹn há. Táyà kọ lu ẹsẹ̀ tábìlì, ó fà á sẹ́yìn, ó tún kọ lù ú, ó tún fà á sẹ́yìn. Mo dúró bí ère, mò ń wò ó. Nígbà tó wọ yàrá tán, ìyàwó rẹ̀ ní, "Ìyá Aláago, ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa." Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà nílé wa, kò sọ irú rẹ̀ sí mi rí.

Iṣẹ́ ò ṣeé ṣe fún mi lọ́jọ́ kejì. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo mú lésà tí mo gbà bọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, mo fi rọ́bà de bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè máa tàn láìdáwọ́dúró, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri, mo gbé aago kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì jókòó tì í. Títí di ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí wàhálà. Nígbà tó pé mẹ́sàn-án, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa pé mẹ́tàlá, mo ní láti sún mọ́ ògiri kí n tó rí i. Mo sáré yọ bátìrì, mo wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Mo gbé e kalẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà kan, mo bá a pààrọ̀ okùn aago. Nígbà tó lọ tán, mo tún bátìrì náà wọ̀n. Ó ti gòkè padà.

Ìgbà yẹn lojú mi là. Aago kì í mu bátìrì, ńṣe ló máa ń tọ́ ọ lá. Lésà ń gbé e mu ni, ní àmutẹ́rùn. Bátìrì kóńkó yẹn ò sì lè sáré bẹ́ẹ̀. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á sinmi di àárọ̀, á mí kanlẹ̀, á wá fojú pípé wo mítà, torí mítà náà kì í rán an níṣẹ́ kankan. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń wọn bátìrì tó jókòó jẹ́jẹ́, mo wá ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀ràn. Ojú tì mí. Ó tì mí gan-an ni.

Nínú ilé wa, àgbà kì í sábàá bẹ àbúrò. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ní, "Bátìrì ló ṣe é, kì í ṣe ìwọ. Èmi ni mo yàn án, èmi ni mo sì bú ọ. Má bínú sí mi."

Ó jẹ́ kí n dúró fúngbà díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí n wọlé jókòó. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní mítà kì í purọ́?" Ẹ̀rín pa wá, ọ̀rọ̀ bá parí.

Mo padà lọ bá A-Kì-Í-Gbà-Á-Padà, mo kó ẹjọ́ rò fún un. Ó gba èyí tí mo rà padà, ó sì yá mi ní oríṣi méjì tó kù pé kí a lọ dán wọn wò, ó kàn bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ará àdúgbò. Ọ̀kan jẹ́ oníṣáàjì, bátìrì rẹ̀ wà nínú ẹ̀, kò ṣeé yọ. Èkejì ń lo bátìrì rìmóòtù méjì. A fi rọ́bà dè wọ́n nínú pálọ̀ Máàpù, a kọjú wọn sí ògiri, ó ń kọ àkókò wọn sínú ìwé bí ẹni ń máàkì ìdánwò. Oníṣáàjì tàn rekete fún wákàtí méjì àti àbọ̀. Bó ṣe tàn níbẹ̀rẹ̀ ló ṣe tàn délẹ̀, ó sì wá kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdágbére. Onírìmóòtù tàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó pẹ́, iná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó wákàtí kan sí i kí a tó dẹ́kun rírí i.

Mo ti mú tèmi. Mo ní oníṣáàjì ni, torí iná rẹ̀ kì í yí padà. Mo ti to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: màá máa ṣáàjì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, màá máa gbé e lọ sí ilé ìwé láràárọ̀, màá máa lọ gbà á padà tí wọ́n bá jáde. Mo ní màá máa ṣe é lójoojúmọ́ ayé mi. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi sọ ọ́.

Máàpù mú onírìmóòtù. Mo ní ó sanra jù, ó wúwo jù, bátìrì àwọn tó ń jókòó wo tẹlifíṣọ̀n ni. Ó jẹ́ kí n rojọ́ mi tán.

"Tí oníṣáàjì bá kú, mo ní láti dúró dè yín," ó ní. "Èyí máa ń sọ fún mi kó tó kú. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ta bátìrì rẹ̀, mo sì lè fọwọ́ ara mi pààrọ̀ ẹ̀."

"Ọwọ́ wo?" mo bi í, kí n tó lè di ẹnu mi mú.

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó wo ìka méjèèjì tí kò ká. "Ọwọ́ yìí náà ni, Àǹtí mi."

Ó dùn mí. Mo délé, mo sì jókòó, mo ń wá ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì. Láti ìgbà tó ti ṣubú, ó ti padà di ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni apá kan nínú mi ò fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Láti ọjọ́ yẹn, ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá yà sílé wọn, inú yàrá ni Máàpù máa ń wà. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ á máa ṣa ẹ̀wà ní ilé ìdáná, a ó sì gbọ́ tí bátìrì bọ́ sílẹ̀, tó yí gbirigbiri wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màá dìde. Ìyàwó rẹ̀ á di aṣọ mi mú, á ní, "Ẹ jókòó." A ó máa gbọ́ bó ṣe ń fi igi ìgbálẹ̀ wá a. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà á láti pààrọ̀ méjì, ó sì tún dorí ọ̀kan kodò. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí olùkọ́ ò gbọdọ̀ sọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, bátìrì kì í bọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Thursday pé. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹnikẹ́ni ò pè mí, ṣùgbọ́n mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lójú ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì náà, níbi tí mo ti lè gba ojú fèrèsé wò wọ́n. Bátìrì mẹ́jọ wà nínú báàgì mi. Ìyàwó rẹ̀ ti àga dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, Máàpù fọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà wọlé. Ogójì ọmọ dìde kí i. Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn pátápátá lórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin ló kọ́kọ́ fi lélẹ̀: bí iná bá ti ń tàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde, ògiri la ṣe iná fún, a ò ṣe é fún ojú. Lẹ́yìn náà ló gbé iná pupa náà sórí òkè kan lókè téńté máàpù, ó ní ibẹ̀ ni odò kan ti bẹ̀rẹ̀, òun fẹ́ kí àwọn jọ tẹ̀ lé e dé òkun. Wọ́n tẹ̀ lé e. Ibi tí iná bá yà sí, ogójì orí á yà síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan bi í pé kí ló dé tí odò ò kàn lọ tààrà. Ó ní omi kì í ṣe alágídí bí àwọn ẹ̀gbọ́n kan tí òun mọ̀, ibi tó bá ti le, á yà fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín níta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ẹni tó ń bá wí.

Ó ti lé ní wákàtí kan nígbà tí mo rí i pé iná náà ti ń ṣe bàìbàì. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: gbogbo wa la gbàgbé pé bátìrì tó fi ń dánra wò láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ṣì wà nínú rẹ̀. Àwa tí a ní ìwé tí a kọ gbogbo àkókò sí. Mo fa méjì yọ nínú báàgì, mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú.

Máàpù rí mi. Kò mi orí, kò ṣẹ́jú. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ tẹjú mọ́ ibi tí odò yẹn ti pín sí méjì. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ má sọ̀rọ̀. Mò ń bọ̀ wá bi yín ní ìbéèrè kan."

Ogójì ojú lẹ̀ mọ́ máàpù. Ó fi orúnkún méjèèjì há lésà náà, ó fi àtàǹpàkò àti àtẹ́lẹwọ́ yí ìdérí rẹ̀. Bátìrì àtijọ́ bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mú méjì nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ọ̀kan wọlé. Èkejì yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí lọ sí etí àga. Ìlẹ̀kùn wà lọ́wọ́ mi, mo kàn ní láti ṣí i ni. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní ìrìn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde tó bá ṣubú. N ò ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ó pa itan pọ̀ wàì, ó há bátìrì náà síbẹ̀, ó mú un, ó tì í bọ inú lésà, ó yí ìdérí padà.

Iná pupa bọ́ sórí ibi tí odò ti pín sí méjì, ó mọ́ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. "Ó yá, ta ló lè sọ ìdí tó fi pín?" Ọwọ́ mọ́kànlá ló lọ sókè.

Mo padà sórí bẹ́ǹṣì mi. Ẹkún ni mo sun, mo sun ún dáadáa, kò sì sí àlùbọ́sà kankan tí mo lè fẹ̀sùn kàn.

Nígbà tí agogo lù, ọ̀gá ló kọ́kọ́ jáde. Ó wo bátìrì tí òógùn ti bò lọ́wọ́ mi. Ó bi mí pé ṣé èmi ni ẹ̀gbọ́n olùkọ́. Mo ní èmi ni. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ sẹ́nu, bí ó bá sọ ohun tí kò yẹ.

"Mo jókòó sẹ́yìn kí n lè máa ka iye ọmọ tó bá ń wo àga yẹn dípò ẹ̀kọ́," ó ní. "Mo ti fa ìlà sílẹ̀ tí màá kọ ọ́ sí." Ó ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí. Ìlà wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. "Nígbà tó ń pààrọ̀ bátìrì pàápàá, èmi àti ẹ̀yin nìkan la rí i. Kíláàsì rẹ̀ nìyẹn, Mà. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Monday."

Mo kó bátìrì mi padà sínú báàgì. Máàpù jáde sí wa, ẹ̀wù rẹ̀ ti rin fún òógùn, ojú rẹ̀ ń dán. Ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà yára bọ́ sẹ́yìn àga bí mo ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tó ti ṣubú, mo di ibi tí wọ́n fi ń tì í mú.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ má tì mí. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ."

Mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a gba ojú ọ̀nà gígùn yẹn lọ sí ẹnu géètì, ó ń sọ fún mi ohun tó fẹ́ kọ́ wọn lọ́jọ́ Monday. Nígbà tá a fi máa dé ìdajì, mo ti ní láti máa sáré díẹ̀ kí n tó lè bá a.